Ọba Ni Ó Ń Fọwọ́ sí Ìwé, Ta Ni Ó Ń Ṣe Ìjọba?

 

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Ọba Charles Kẹta ládé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ìbéèrè kan ni àwọn oníṣòwò máa ń bi mí ní Àjàngbàdì níbí: "Alùfáà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ní ọba, kí ni olórí ìjọba tún wà fún? Ta ni ó ní àṣẹ nínú àwọn méjèèjì?" Ìbéèrè náà dára, kò sì jìnnà sí wa. Àwa náà wà lábẹ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀ fún ọdún 3, ohun tí ó sì tìdí rẹ̀ yọ ní ilẹ̀ Yorùbá kò yẹ ní ohun tí a ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú ìjọba tí ọba ń jẹ lábẹ́ òfin, ọba ni olórí ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń ṣe òfin, òun ni ó ń fi àwọn mínísítà sípò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń pinnu. Olórí ìjọba àti àwọn mínísítà rẹ̀ ni ó ń pinnu, ìmọ̀ràn wọn ni ọba sì ń tẹ̀ lé. Ẹni tí àwọn tí ó pọ̀ jù nínú Ilé Aṣòfin bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọba ń pè kí ó wá ṣe olórí ìjọba. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni Ilé ń bi léèrè, wọn kì í bi ọba. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi Liz Truss sípò. Ní ọjọ́ 8, oṣù yẹn kan náà, Ọbabìnrin wàjà. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, Truss ti kúrò. Ọba Charles kọ́ ni ó lé e. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kẹ̀yìn sí i.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ irú èyí. Aláàfin kò dá ṣe ìjọba Ọ̀yọ́. Àwọn Ọ̀yọ́mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ń bá a jókòó, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ bí ó bá kọjá ààyè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960, tí a gba òmìnira, Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ni olórí ilẹ̀ wa. Gómìnà-Gẹ́nẹ́rà ń ṣojú rẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n Alhaji Abubakar Tafawa Balewa ni ó ń ṣe ìjọba. Ní Ìwọ̀ Oòrùn, Ọba Adesoji Aderemi, Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀, ni Gómìnà tí ó ń ṣojú Ọbabìnrin. Olóyè Samuel Ladoke Akintola sì ni Prẹ́míà ní Ìbàdàn. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè nìkan ni. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti gbogbo agbègbè wa yìí wà.

Òfin sọ pé Gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Prẹ́míà àfi bí ó bá hàn lójú Gómìnà pé àwọn tí ó pọ̀ jù nínú Ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ "lójú Gómìnà" yìí ni ìjà dé sí. Kí ni ó yẹ kí Gómìnà fi ojú rí? Ìwé tí a fọwọ́ sí ni, tàbí ìbò tí a kà níwájú gbogbo Ilé?

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, ìjà Olóyè Obafemi Awolowo àti Akintola ti pín Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sí méjì. Àwọn aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì Ilé lọ, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akintola mọ́. Ní ọjọ́ 21, Gómìnà yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Dauda Soroye Adegbenro, arákùnrin wa nínú ẹ̀sìn, rọ́pò rẹ̀. Akintola ní òun kò gbà, àfi bí a bá dìbò nínú Ilé. Ilé jókòó ní ọjọ́ 25, ṣùgbọ́n àga ni wọ́n ń sọ lu ara wọn, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. A kò rí ìbò kà. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin pàjáwìrì ka Ìwọ̀ Oòrùn lórí, Dókítà Moses Majekodunmi sì di alákòóso rẹ̀ títí ọdún fi parí.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Èkó dá Akintola láre ní oṣù Keje, ọdún 1962. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1963, ìgbìmọ̀ adájọ́ ti Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù yí ìdájọ́ náà padà: òfin kò sọ pé inú Ilé nìkan ni Gómìnà ti lè mọ̀, ìwé náà tó. Adegbenro jàre, ṣùgbọ́n kò jókòó sórí àga náà. Akintola ti padà sípò láti oṣù Kìíní, Ilé sì yí òfin padà, wọ́n ní kí ó ṣiṣẹ́ láti ọdún 1960 wá. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1963, Nàìjíríà kò ní Ọbabìnrin mọ́. Ìjà kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn ìbò ọdún 1965, iná ń jó ilé àti ènìyàn ní Ìwọ̀ Oòrùn, títí àwọn sójà fi gba ìjọba ní oṣù Kìíní, ọdún 1966, tí wọ́n pa Akintola àti Balewa.

Ẹjọ́ náà rìn jìnnà. Ní Malaysia, níbi tí àwọn ọba Mùsùlùmí 9 ti ń yan ọ̀kan nínú ara wọn ṣe ọba gbogbo ilẹ̀ fún ọdún 5, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Perak ní ọdún 2009. Sultan fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn aṣòfin tí ó pọ̀ jù, ó sì ní kí olórí ìjọba ibẹ̀ fi ipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ wọn dá Sultan láre ní ọdún 2010, ẹjọ́ Adegbenro àti Akintola wà nínú ohun tí wọ́n fi gbe ìdájọ́ náà lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba gbogbo ilẹ̀ náà fi Anwar Ibrahim ṣe olórí ìjọba ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, Anwar kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé ara rẹ̀ síwájú Ilé, Ilé sì gbè é.

Ohun tí Anwar ṣe yìí ni mo fẹ́ kí a kọ́. Ìwé ìfọwọ́sí lè tó lójú òfin, kí ó má tó lójú ìlú. Ẹni tí a fi ìwé yọ yóò ní wọ́n fi agbára gbà á lọ́wọ́ wọn ni, tàbí wọ́n fi owó rà á. Ṣùgbọ́n iye tí a kà lójú gbogbo ènìyàn, ta ni yóò sẹ́ ẹ?

Ẹ wo ọjà wa, ẹ wo àwọn jamáà wa. Bí a bá fẹ́ yọ olórí ọjà tàbí alága mọ́ṣáláṣí, ìwé ni a kọ́kọ́ ń gbé kiri lóru láti ilé dé ilé. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ọjà ti pín sí méjì, ọ̀rọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ yín nísinsìnyí tí kò sí ìjà: ta ni yóò pe ìpàdé, iye ènìyàn mélòó ni ó gbọ́dọ̀ pé, ta ni yóò ka ọwọ́ tí a bá nà sókè. Ẹ kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ àti sùúrù jíǹkí gbogbo wa. Àmín.