Ta ló ń rà nígbà tí ọ̀gá bá ń ta ṣíà?

Kò sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèèṣì ta ṣíà tuntun, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, fún aráàlú. Ojú ọjà ló ń wò. Ẹni tó kó èlùbọ́ pamọ́ l'Ọ́jà'ba n'Ìbàdàn kì í tú àpò nígbà tí èlùbọ́ bá kún gbogbo ìsọ̀. Ìgbà tó bá wọ́n ló ń tà. Ohun kan náà ni àwọn olùdarí ń ṣe, àfi pé oníbàárà lè fọwọ́ bu èlùbọ́ wò, ẹni tó wà ní Bẹ́yẹrúnkà kò sì lè fọwọ́ bu ìwé ìṣirò báńkì wò. Èyí kì í ṣe ìfura lásán. Nínú ìwádìí tí John Graham àti Campbell Harvey ti Yunifásítì Duke l'Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2001, ọ̀gá ètò ìnáwó ilé-iṣẹ́ 392 ló dáhùn ìbéèrè wọn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sọ pé bóyá iye tí ọjà ń pe ṣíà àwọn ga ju bó ti yẹ lọ, tàbí ó rẹlẹ̀, wà lára ohun pàtàkì tí àwọn ń wò kí àwọn tó ta òmíràn. Ní 1995, Tim Loughran àti Jay Ritter ti tọpasẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ta ṣíà láàárín 1970 sí 1990. Fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn títà, ẹni tó ra ti ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà ń jèrè bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ta ṣíà mówó wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Nàìjíríà náà ti rí tirẹ̀. Ní oṣù Keje 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, ó kéré tán, kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù méjì ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 di 25, títà ṣíà sì gbòde. A kò lè bá ẹnikẹ́ni wí fún ìyẹn, àṣẹ ni. Ohun tó yẹ ká tẹjú mọ́ ni pé gbèdéke kọjá, títà kò dáwọ́ dúró. Bí iye ṣíà ti ń ga sí i títí wọ 2008 ni àwọn báńkì ń padà wá bá aráàlú, tí ìpolówó ń dún lórí rédíò, tí àwọn ènìyàn ń kó owó àjọ, tí wọ́n ń yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi rà. Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà ní ọjà ṣíà Èkó lé ní 66,000. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000.

Ta wá ló ń rà nígbà tí iye ga tó bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kejì 2010, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo, sọ ọ́ ní gbangba ní Yunifásítì Bayero, Kano. Ó ní owó àwọn oníbàárà tó fowó pamọ́ ni Afribank fi ra ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà tí òun fúnra rẹ̀ gbé jáde. Ó san náírà 25 lórí ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń tà á ní náírà 11 lọ́jà, ó sì padà já sí ìsàlẹ̀ náírà mẹ́ta. Nítorí náà, ìròyìn pé ṣíà tà wàràwàrà kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, àfi bí a bá mọ ẹni tó rà á àti owó tó fi rà á. Ní oṣù Kẹjọ 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, Mainstreet Bank sì gba ipò rẹ̀. Owó àwọn tó ní ṣíà Afribank wọgbó.

Olówó ńlá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì tàbí àwọn àjòjì tó ń dókòwò, mọ̀ pé ẹni tó ń tà mọ inú ọjà ju òun lọ. Ó lè yẹra pátápátá, ó sì lè dá iye tirẹ̀. Nígbà tí MTN Group fẹ́ ta ṣíà mílíọ̀nù 575 nínú MTN Nàìjíríà ní òpin 2021, àwọn olówó ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ bi ní iye tí wọ́n lè san. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gé e sí náírà 169, tó dín sí iye ọjà, tí aráàlú sì san iye kan náà. Ẹlòmíràn ti bá tálákà ná an.

Ẹnìkan lè sọ pé olówó ńlá náà fara gbá ní 2008. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn yá owó báńkì láti fi ra ṣíà, ìjọba sì ní láti dá ilé-iṣẹ́ AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra àwọn gbèsè tí kò ṣeé san. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n yá ló fọ́ wọn lójú; ẹni tó ń fi owó yíyá dúró de kí iye ga kò ráyè bèèrè ìdí tí ọ̀gá fi ń tà. Ti pé olówó ńlá kì í ṣe ọlọ́gbọ́n ní dandan, mo gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a wo èyí tó ń ná owó tí yóò jíhìn rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni pé iṣẹ́ olùdarí ni láti tà nígbà tó bá wọ́n, nítorí àwọn tó ti ni ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Mo fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣíà tuntun lọ àwọn onílé, ìyẹn àwọn tó ti ní ṣíà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí báńkì Access ti ṣe ní 2024 ní náírà 19.75, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ báńkì tó ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà Nàìjíríà sí bílíọ̀nù 500. Bí iye bá ga níbẹ̀, àpò ara ẹni ni owó ti ń jáde wọ inú ilé ara ẹni. Kò sí àlejò tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Àlejò ni ẹni tó wà ní Bẹẹrẹ tàbí Mápó máa ń jẹ́ níbi títà gbangba. Ìwé tí wọ́n fi ń pe aráàlú máa ń nípọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iye ṣíà tí olùdarí kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́. Ojú ewé yẹn ni kó ní kí ọmọ rẹ̀ tó kàwé kọ́kọ́ ṣí fún òun. Kó tún bèèrè lọ́wọ́ alágbàtà bóyá àwọn olùdarí náà ń rà kún tiwọn nínú èyí tí wọ́n ń tà yìí, kí ó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.