Òjò Àkọ́rọ̀ Gba Ẹ̀yìnkùlé Wa Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ra sìmẹ́ǹtì, mo sì ti bá bíríkìlà dúnàádúrà. Ilẹ̀ díẹ̀ tó kù lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, tí kò fẹ̀ ju ẹní mẹ́rin lọ, ni mo fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì bò. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni eruku rẹ̀ ti sú mi. Aṣọ funfun tí mo ń wọ̀ lọ síléèwé, bí mo bá sá a síbẹ̀, yóò ti pọ́n kó tó gbẹ. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ohun tó sọ kò ju pé: "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ ná."

Òjò náà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lóṣù kẹta ọdún. Ìjì kọ́kọ́ jà, máńgòrò ń já lu páànù. Kí n tó ké sí àwọn ọmọ, wọ́n ti bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ti wà nínú òjò. Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn gba gbogbo ilé. Mo jókòó lójú fèrèsé, n kò rántí sìmẹ́ǹtì mọ́.

Lálẹ́, èsúnsún tú jáde. Ìyàwó mi pa iná inú ilé, ó gbé àtùpà kan síta, ó sì gbé ọpọ́n omi sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń rọ́ sínú omi wìtìwìtì. Àfi bí aládùúgbò wa ṣe yọ pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀! Ọdún kan gbáko la ti ń bá ara wa yan odì. Ìgbà tí mo fi sìmẹ́ǹtì bo iwájú ilé ni omi òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilé rẹ̀. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. A jọ fẹ́ ìyẹ́ èsúnsún dànù, a yan án pẹ̀lú iyọ̀, a sì jọ jẹ ẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó mi tú irúgbìn ewédú jáde. Èèpo rẹ̀ le. Bí a kò bá fi omi gbígbóná mú un, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í tètè hù. Ó dì í sínú àkísà, ó rì í bọ omi gbígbóná, kí ènìyàn tó ka ení dé ẹ̀wá ó ti yọ ọ́. Ó sá a, ó sì fọ́n ọn. Ó gbin àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni, fúnra rẹ̀ ló hù.

Kó tó pé oṣù méjì, a ti ń já ewédú lẹ́yìnkùlé, owó ẹ̀fọ́ sì dín kù. Sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Èmi àti aládùúgbò mi la jọ fi la gọ́tà tó ń gbé omi lọ sójú títì. Okùn tí mo ń sáṣọ sí, mo ti gbé e lọ síwájú ilé.

Ẹ̀yin ará, bí ilẹ̀ bí ẹní kan bá kù lẹ́yìnkùlé yín, ẹ má kánjú bò ó. Ẹ jẹ́ kí òjò kan rọ̀ ná.