Ìwúwo fọ́múlà aláfiwé

Nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì, ìwúwo fọ́múlà aláfiwé (Mr) ni àròpọ̀ ìwúwo aláfiwé gbogbo átọ̀mù tí ó wà nínú fọ́múlà èròjà kan. Aláfiwé ni a ń pè é nítorí pé a kì í fi gíráàmù kà á. Ìdá kan nínú méjìlá ìwúwo átọ̀mù kárbọ̀nù-12 ni a fi ń wé e. Òṣùwọ̀n yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́místrì àgbáyé ń lò láti ọdún 1961.

Kì í ṣe gbogbo èròjà ni ó ní mólékù. Nínú iyọ̀ ìsebẹ̀ (NaCl), ńṣe ni àwọn íónì tò mọ́ ara wọn lọ bẹẹrẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣírò lórí fọ́múlà: 23 + 35.5 = 58.5.

Ìṣirò

Nọ́ńbà kékeré tí ó wà lẹ́yìn àmì ẹ́límẹ̀ntì ń sọ iye átọ̀mù rẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn àkámọ́, gbogbo ohun tí ó wà nínú àkámọ́ náà ni a ó fi sọ di púpọ̀. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú H₂O ń sọ iye mólékù omi tí ó wà nínú kírísítálì èròjà náà.

Àpẹẹrẹ kan ni álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi tòrò, KAl(SO₄)₂·12H₂O:

* pọ́tásíọ̀mù: 39
* álúmíníọ̀mù: 27
* súlfúrù: 2 × 32 = 64
* ọ́ksíjìn inú àkámọ́: 8 × 16 = 128
* omi: 12 × 18 = 216

Àpapọ̀ wọn jẹ́ 474.

Ìwúlò

Bí a bá wọn iye Mr èròjà kan ní gíráàmù, móòlù kan èròjà náà ni a ní. Nítorí náà, móòlù kan álọ́ọ̀mù jẹ́ gíráàmù 474. Ẹni tí ó bá gbàgbé omi inú rẹ̀ yóò rí 258. Bí ó bá wá wọn gíráàmù 258 kírísítálì náà, móòlù 0.54 péré ni yóò ní, agbára omi àpòpọ̀ tí ó bá fi ṣe kò sì ní ju bí ìdajì èyí tí ó rò lọ. Òṣùwọ̀n kò lè fi àṣìṣe yìí hàn án, nítorí gíráàmù 258 náà pé. Álọ́ọ̀mù tí a ti fi iná gbẹ omi inú rẹ̀ tán, KAl(SO₄)₂, ni ó ni 258. Fún ìdí èyí, fọ́múlà tí a kọ sára ìgò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.