Àtẹ Kékeré, Ọjà Púpọ̀

Ìyá aláṣọ lọ́jà Gbági n'Íbàdàn ní àtẹ kan níwájú, ó sì ní yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn. Aṣọ tí oníbàárà ń yẹ̀ wò lọ́wọ́ ló máa ń wà lórí àtẹ. Ìyókù, inú yàrá ló ń gbé. Bí àtẹ bá fẹ̀, léèsì, àǹkárá àti àdìrẹ á jọ wà níbẹ̀, ìyá á sì máa dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn pọ̀. Bí àtẹ bá kéré, ẹni tó bá béèrè léèsì á dúró ná kí wọ́n ká àǹkárá wọlé. Ọjà á ṣáà máa tà, ṣùgbọ́n wọlé-n-jáde ni ìyá máa fi ọjọ́ náà ṣe.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. RAM ni àtẹ, dísìkì ni yàrá ẹ̀yìn. Láptọ́ọ̀pù tí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú láìsinmi, tí ẹ tẹ nǹkan tí kò dáhùn títí ẹ fi lọ bu omi mu tẹ́ ẹ dé, kò ya ọ̀lẹ rárá. Àtẹ rẹ̀ ló kún. Ó ń kó ẹrù wọ yàrá, ó sì ń kó òmíràn jáde.

Kí ẹ tó tẹ́ ẹyọ aṣọ kan sórí àtẹ yẹn, ẹnìkan ti gba àyè: ètò tó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, èyí tó jẹ́ Windows fún ọ̀pọ̀ wa. Microsoft sọ pé Windows 11 ń fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, pẹ̀lú àyè 64GB lórí dísìkì àti ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Kó lè tàn ni 4GB yẹn wà fún. Ẹni tó bá ti lò ó rí mọ̀ pé ìrọ̀rùn kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, wọ́n ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí Windows 10, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Ẹ wá wo iye láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà, tí ara wọn ṣì le koko, tí Windows 11 kò sì ní gbà láti wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò dáadáa. HP Stream 11 jáde ní 2014, ní nǹkan bí 200 dọ́là. Ó fẹ́lẹ́, ó láwọ̀ búlúù tó ń dán, kò sì ní fáànù tó ń pariwo. RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, ìpamọ́ rẹ̀ 32GB, wọ́n sì jó méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, oníṣẹ́ kankan kò lè yọ wọ́n kó fi èyí tó tóbi sí i. Windows gba púpọ̀ nínú 32GB náà. Bí àtúnṣe bá dé, ó ní kò sí àyè. Ẹ pa fọ́tò rẹ́, ẹ pa orin rẹ́, ó tún ní kò sí àyè. Lójú tèmi, ẹ̀rọ yẹn kò níṣòro tó ju ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí lọ.

Ibí ni Linux, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, ti wọlé. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní Fínláǹdì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí oríṣi rẹ̀ fi pọ̀ débi tó ń da orí ẹni rú. Ìyàtọ̀ tó kàn wá jù ni ohun tó ń ya fèrèsé àti àmì sójú ẹ̀rọ. Ubuntu ń lo GNOME, tó lẹ́wà ṣùgbọ́n tó wúwo. Lubuntu ń lo LXQt, Xubuntu ń lo Xfce. Inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ẹrù tí wọ́n kó síwájú kò dọ́gba. antiX tún fúyẹ́ ju gbogbo wọn lọ: àwọn tó ṣe é sọ pé RAM 512MB àti dísìkì 7GB ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Linux lórí kọ̀ǹpútà kékeré kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà o. Ní 2007, Mandriva, ilé-iṣẹ́ Linux kan ní Faransé, kéde pé ètò àwọn ni yóò wà lórí 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Classmate PC fún àwọn ilé-ìwé wa. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀. Inú bí ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, débi tó fi kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Nígbà yẹn, àwọn aláṣẹ àti oníṣòwò ló ń bá ara wọn fà á. Lónìí, ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù ló máa pinnu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ètò tó fúyẹ́ ń sọ RAM di púpọ̀. Búráúsà ni alájẹkì. Ojú-ewé Facebook kan ṣoṣo lè gba àyè ju gbogbo antiX lọ. Ẹni tó ní 2GB, kó má ṣí ju ojú-ewé mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Zram wà tó ń ṣèrànwọ́: ó ń ká aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wò lọ́wọ́ pọ̀ pẹ́pẹ́ sórí àtẹ náà, dípò kó máa sáré gbé e wọ yàrá.

Àwọn netbook, láptọ́ọ̀pù kékeré àtijọ́, tó ní ọpọlọ Intel Atom N270 àti RAM 1GB ńkọ́? 32-bit ni wọ́n. Búráúsà Chrome ti fi Linux 32-bit sílẹ̀ láti 2016, Debian 13, oríṣi Linux kan tó jáde ní 2025, kò sì ní ẹ̀dà tí a lè fi sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. antiX 23 ṣì ń wọ̀ ọ́. Ẹ lè fi tẹ lẹ́tà, ẹ lè fi gbọ́ orin. Ẹ má fi YouTube dán an wò.

Àwọn kan wà tí mo máa ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹni tó ń fi CorelDraw ṣe káàdì ìpè àti pátákó fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, kò sí CorelDraw fún Linux lónìí. Ti lẹ́tà Word kò ṣòro, LibreOffice ń ṣí i. Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú Linux: lábẹ́ Nàìjíríà nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ óò rí Yorùbá, tí ẹ lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìwá ètò míì kiri.

Ẹ má tíì pa Windows rẹ́. Ẹ gbé Lubuntu sórí fláàṣì, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, tàbí F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, ẹ sì lò ó láti orí fláàṣì náà. Ṣé Wi-Fi ń mú? Ṣé ohùn ń jáde? Tẹ́ ẹ bá pa á dé tẹ́ ẹ tún ṣí i, ṣé ó ń jí? Ẹ ṣí tẹ́míná, ẹ tẹ free -h, kí ẹ wo iye tó wà lábẹ́ “available” kí ẹ tó ṣí búráúsà àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣí i. Èyí sàn ju ẹnu oníṣòwò lọ.

Ìdájọ́ tèmi: RAM 2GB, Lubuntu, tàbí antiX fún ẹni tó ní sùúrù. RAM 4GB, Linux Mint Xfce. Bí dísìkì bá sì jẹ́ oníyípo àtijọ́ tó ṣeé yọ, ẹ ra SSD, dísìkì tí kì í yípo, ṣáájú ohunkóhun. Ẹ sì dákun, ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín sí ibòmíràn kí ẹ tó gbé Linux wọ dísìkì, nítorí yóò nu gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀ tí ẹ bá ní kó gba dísìkì náà tán.