Kíka Ohun Tójú Ò Tó Nínú Iléru

Ta ló lè yọjú wo inú iléru tí irin ti yọ́ ní nǹkan bí 1,500 dígírì? Bẹ́ẹ̀ bíríkì inú rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá lu, irin yíyọ́ á tú lé òṣìṣẹ́ lórí.

Àwọn muon ń rọ̀ láti òkè ọ̀run, wọ́n ń la bíríkì àti irin kọjá, àmọ́ irin ń dá púpọ̀ dúró ju bíríkì lọ. Ní Japan, Nagamine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń ka muon sẹ́gbẹ̀ẹ́ iléru. Wọ́n jábọ̀ rẹ̀ ní 2005. Iye tó là á já ni wọ́n fi mọ bí bíríkì ṣe nípọn tó. Ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Èmi onímọ̀ èdè ò ní pe èyí ní rírí o. Kíkà ni.