Ilé-Ìwé Ìjọba àti Ti Aládàáni: Olùkọ́ Ni Òṣùwọ̀n

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn kí n tó bọ́ sí ti ìjọba. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa jù, ti gọ́mìnà àbí púráífẹ́ẹ̀tì?" N kì í lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá wọn lóhùn, torí ohun tí ojú mi rí ní ọ̀hún kọ́ ló ń rí níhìn-ín.

Ilé-ìwé tí kì í ṣe ti ìjọba kì í ṣe ọmọ àná láàárín wa. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859, àádọ́ta ọdún gbáko kí ìjọba amúnisìn tó dá King's College sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1909. Àmọ́ ìjọba ló sọ ẹ̀kọ́ di ti tolówó tìṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣílẹ̀kùn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbàṣe jákèjádò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 22 ni mo ní ní kíláàsì mi ní ilé-ìwé aládàáni. Mo mọ èyí tí kì í rí pátákó dáadáa, mo mọ èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Bí ọ̀kan kò bá wá, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, a ti pe ilé wọn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 40 ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ girama, ṣùgbọ́n 73 ló wà níwájú mi báyìí ní ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ mẹ́ta ń há ara wọn sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Bí mo bá lo ìṣẹ́jú kan péré lórí ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ kíláàsì mẹ́rin ni mò ń kọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀gún wà nínú ìtọ́jú ti aládàáni. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, wọ́n á ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó ilé-ìwé, wọ́n á sì lé wọn lọ sílé. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbàgbé rúlà rẹ̀ sórí tábìlì; èmi ni mo bá a tọ́jú rẹ̀ títí ó fi padà wá. Wọ́n tún ka èdè Yorùbá sí "fànákúlà" tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ibi tí mo wà báyìí, bí ẹ̀kọ́ bá le, mo máa ń fi Yorùbá là á yé wọn, ojú wọn a sì mọ́lẹ̀.

Ní ti olùkọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní aládàáni, tí mo bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á gé nínú owó mi. Ní ìsinmi oṣù kẹjọ, ààbọ̀ owó la ń gbà. Láàárín ọdún kan, tíṣà ìṣirò mẹ́rin ló kọjá lójú àwọn ọmọ kan náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ti ìjọba, mo ní ìgbéga, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì. Àmọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí ti ba àwọn kan jẹ́: wọ́n mọ̀ pé bí àwọn kò tilẹ̀ yọjú, owó oṣù yóò wọlé.

Bí mo bá gbé méjèèjì lé ìwọ̀n, ti aládàáni ló ń fojú tó ọmọ jù, ti ìjọba ló ń jẹ́ kí olùkọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Lójú tèmi, ti olùkọ́ ló tẹ̀wọ̀n, torí tíṣà tí yóò lọ lópin sáà kò lè rí ibi tí ọmọ ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé, òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 de ẹnikẹ́ni tó gba òṣìṣẹ́ 15 sókè. Ẹ má fi du àwọn tíṣà yín. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ gba olùkọ́ sí i, kí ẹ sì máa bẹ iṣẹ́ wọn wò. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ béèrè pé: "Tíṣà mélòó ló ti lo ọdún mẹ́ta níbí?" Ibi tí ìdáhùn bá ti dán mọ́rán, ẹ fi ọmọ yín síbẹ̀.