Kí A Tó Já Ewé, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Yàrá

 

Arábìnrin kan nínú wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi nítorí ikọ́. Mo ṣe àgbo fún un, ikọ́ rọlẹ̀, ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ẹ̀bi mi ni, nítorí ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́ mi pé kí n wo ibi tí aláìsàn ń sùn kí n tó já ewé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo lọ sílé wọn.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń sùn sí, ibẹ̀ náà ni ojúbọ wà. Aṣọ àlà ni wọ́n ta bo ògiri lẹ́yìn Ọbàtálá dé ilẹ̀. Nígbà tí a ká a sókè, ògiri ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Èèpo igi tí wọ́n dì sínú ọ̀rá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ti bu. Ọmọ ń sùn láàárín méjèèjì. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní agbo ilé tiwa, àgbàlá wà láàárín, atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde. Níhìn-ín, a ti fèrèsé nítorí òtútù. Èémí wa, omi tí a ń sè àti aṣọ tí a ń sá sínú ilé di ooru tútù. Bí ó bá kan ògiri tó kọjú síta, á di omi, bí ìdérí ìkòkò ṣe ń làágùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé ni yóò kọ́kọ́ bu.

Nítorí náà, ẹ gbé ojúbọ, kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn lára ògiri ìta, kí ọwọ́ lè wọ àárín. Ògiri inú ilé ló dára jù fún ojúbọ. Àlà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ máa ká a sókè wò. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀. Ẹ dé ìkòkò tí ẹ bá ń se àgbo.

Ibi gbígbẹ tí oòrùn kò pa ni kí ewé gbígbẹ wà, nínú àpò bébà tí a kọ orúkọ sí. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù: sísè kì í pa gbogbo májèlé inú rẹ̀. Odúndún fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sójú fèrèsé. Rinrin fẹ́ ìbòòji.

Àbẹ́là kò gbọdọ̀ wà nítòsí aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ sùn tì í. Ẹ má ṣe dáná èédú nínú ilé láéláé, ìbáà jẹ́ fún ètùtù: carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì ń pani lójú oorun. Ẹ ra álààmù rẹ̀. Èṣù lè wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ó má dí ọ̀nà àsálà.

Bí omi bá ń jò láti òrùlé tàbí páìpù, iṣẹ́ onílé ni. Ọmọ ọdún méjì kan kú ní Rochdale ní December 2020 nítorí yàrá tó bu. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Awaab's Law, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 October 2025 fún ilé káńsù àti ti ẹgbẹ́ onílé. Bí ewu bá pọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, láàárín wákàtí 24. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Onílé arábìnrin wa kò dáhùn ìpè ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́tà ló mú wọn wá. A ti gbé Ọbàtálá sí ògiri inú. Ọmọ náà ti ń sùn mọ́jú báyìí. Ọbàtálá fẹ́ funfun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n funfun tó bo èérí mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìmọ́tótó.